Yúnifọ́ọ̀mù Ọjọ́ Ẹtì

Torí ìwé àwọn ọmọ ni a ṣe kúrò ní Adó-Èkìtì. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn ná, kí ẹ tó gbọ́ pé àwọn ọmọ náà kò lọ sílé-ìwé mọ́.

Ebi kọ́ ló lé wa. Ọkọ mi níṣẹ́, èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìṣirò, ilé tí a ń gbé ní Bàsìrì kò tóbi ṣùgbọ́n kànga rẹ̀ kì í gbẹ. Ohun tó lé wa ni ohun tó ti ń lé ọmọ Èkìtì kiri láti ìgbà àwọn bàbá wa: kí ọmọ ẹni mọ̀wé ju ẹni lọ. Lọ́dọ̀ wa, ènìyàn lè máa rìn láìwọ bàtà, kò sẹ́ni tó máa bi í. Ṣùgbọ́n tí ọmọ rẹ̀ bá jókòó sílé láago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹni tó ń lọ sóko á dúró, á sọ ẹrù kalẹ̀, á béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Tiwa tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí tíṣà ni ìyá mi. Ọdún márùndínlógójì ló fi kọ́ni nílé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá àgbà sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ní Ìyìn, níbi tó ń gbé, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Màmá Tíṣà ni. Àwọn ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ ṣì máa ń ju sìgá nù tí wọ́n bá rí i lókèèrè. Awò ojú rẹ̀ nípọn bí ìdí ìgò. Láti ẹ̀yìn awò yẹn ló ti máa ń wo gbogbo ayé, ayé kì í sì í wò ó padà. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi nìyẹn, kí n tó mọ A. "Àgbà ń bá ọ sọ̀rọ̀, o gbójú sókè ò ń wò ó? Ṣé ẹgbẹ́ rẹ ni?" Bó ṣe kọ́ mi náà ló kọ́ àwọn ọmọ mi, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti ń lo gbogbo ìsinmi wọn.

Lọ́jọ́ tí a lọ dágbére fún un, kò sunkún. Ó gbé Ìfẹ́, àbúrò, lé itan, ó gbọ́wọ́ lé Ayọ̀mídé, ẹ̀gbọ́n, lórí, ó gbàdúrà ṣókí. Ó wá kọjú sí èmi àti ọkọ mi.

"Mi ò ní kí ẹ fi ohunkóhun ránṣẹ́ sí mi. Ilé-ìwé tí ẹ torí ẹ̀ ń lọ, kí àwọn ọmọ yìí lọ ọ́. Mo ti parí."

Mo wolẹ̀, mo ní, "Wọ́n á lọ, Màmá."

Ìlú kékeré kan lápá òkè ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì la dé sí. Lọ́jọ́ kejì, oòrùn yọ, mo bá mú àwọn ọmọ jáde láìwọ kóòtù. Kí a tó dé ìkóríta, eyín Ìfẹ́ ti ń lu ara wọn. Oòrùn ibẹ̀, wọ́n kàn tàn án kí ènìyàn lè máa ríran ni. Níbi tí a ti ń dúró de bọ́ọ̀sì, mo kí obìnrin kan tó dàgbà jù mí lọ, mo sì tẹ orúnkún díẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni mò ń kí. Nígbà tí kò rí ẹnikẹ́ni, ó fi sùúrù bi mí bóyá orúnkún ń dùn mí.

Mo ríṣẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Mò ń wẹ ìyá oníyàá, mò ń fi ìpara pa wọ́n lẹ́sẹ̀, mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún wọn. Iṣẹ́ náà kò tì mí lójú, kò sì sú mi. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo mọ ibi tí eegun ti yọ lẹ́sẹ̀ ìyá mẹ́sàn-án tí kò bí mi, mi ò sì mọ bí àtẹ́lẹsẹ̀ ìyá tèmi ti rí. Nígbà míì, tí mo bá ti parí, màá jókòó ní yàrá ìkáṣọ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, màá máa ronú ilé. Kì í ṣe nǹkan ńlá ni mo máa ń rò. Èéfín oko tí wọ́n ń sun lọ́nà Ìgèdè ni, tàbí ìró odó láwọn ilé tó yí wa ká lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, tí ilé kan á bẹ̀rẹ̀ gígún, tí èkejì á gbà á, tí gbogbo àdúgbò á fi máa lu ilẹ̀.

Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé. Mo ra yúnifọ́ọ̀mù wọn, mo ya fọ́tò wọn, mo fi ránṣẹ́ sí ìyá mi, ó sì fi í han gbogbo Ìyìn. Kò pé oṣù méjì tí inú rírun fi bẹ̀rẹ̀ sí í mú Ayọ̀mídé láràárọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni nígbà náà. Ní Adó, tí ọmọ yẹn bá ń sọ̀rọ̀ ní yàrá, àlejò á rò pé rédíò la tàn. Díẹ̀díẹ̀, rédíò náà dákẹ́.

Tíṣà rẹ̀ ránṣẹ́ pè wá. Ọmọbìnrin jẹ́jẹ́ kan ni, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó ní Ayọ̀mídé kì í wojú ẹnikẹ́ni. Ó ní lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n rí ìwé àwòrán kan tí ẹnì kan ti fà ya, wọ́n sì ń bi àwọn ọmọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló gbójú sókè tí wọ́n ní àwọn kọ́. Ayọ̀mídé náà ní òun kọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ló ń wò. Wọ́n bá gbà pé òun ni. Ó ní àwọn fẹ́ kí dókítà kan yẹ ọmọ náà wò, bóyá nǹkan kan ń ṣe ọpọlọ rẹ̀.

Mo ṣàlàyé pé ọ̀wọ̀ ni. Mo ní ọmọ tó bá wojú àgbà lọ́dọ̀ wa, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń pè é. Ó mi orí, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ibi tí mo ti ń ṣàlàyé ni mo ti ṣàkíyèsí pé èmi náà, ilẹ̀ ni mò ń wò.

Bí a ṣe ń lọ sílé, inú ń bí mi. Ó ti kọ́ ọmọ mi fún bí oṣù méjì, kò sì mọ̀ pé àmì dúdú kékeré kan wà nínú funfun ojú òsì rẹ̀. Kò rí ojú náà rí. Nígbà tí mo bí Ayọ̀mídé, àmì yẹn dẹ́rù bà mí. Nọ́ọ̀sì ní kò léwu, àwọn ará ilé ọkọ mi ní kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ìyá mi ní, "Ó mọ ibi tó ti mú un." Mo kà á sí ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ tí kì í ní àlàyé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ayọ̀mídé di ilẹ̀kùn ilé wa mú, ó sì tọ̀ sára. Ọkọ mi gbé e padà wọlé. Ó ní, "Màmá Ayọ̀, tíṣà kọ́ ni ìwọ? Kọ́ wọn." Òfin ibẹ̀ gbà á. A kọ lẹ́tà sí ilé-ìwé, mo kó iṣẹ́ mi sí Sátidé àti Sọ́ńdè tí ọkọ mi máa ń wà nílé, àwọn ọmọ méjèèjì sì dọ̀dọ̀ mi. Ilé náà ni wọ́n sọ pé a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Mo rò pé ó máa rọrùn.

Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, mo wọ síkẹ́ẹ̀tì tí mo fi ń lọ ṣiṣẹ́ l'Adó, mo jáde sí ìta pálọ̀, mo kanlẹ̀kùn, mo wọlé. Mo ní kí wọ́n dìde kí wọ́n kí mi. Mo ní tí a bá ti wà ní kíláàsì, èmi kì í ṣe Mọ́mì mọ́, Anti ni mí. Mo fi páálí ìgbálẹ̀ oníná ṣe pátákó ìkọ̀wé. Mo kọ́ wọn láti aago mẹ́jọ títí di aago mọ́kànlá láìsinmi, bí ẹni tí àwọn aláyẹ̀wò ilé-ẹ̀kọ́ láti Adó wá ṣe ìbẹ̀wò sí. Ìfẹ́ na ọwọ́ sókè.

"Anti, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí Mọ́mì mi gbé mi."

Kí ni n bá ṣe? Mo gbé e. Kíláàsì túká lọ́jọ́ yẹn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń jẹ́ ìyá mi ní pálọ̀ yẹn kó tó yé mi pé kò bá mi mu. Ọjọ́ tí ọ̀nà là ni ọjọ́ tí mo ra iṣu kan ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ènìyàn wa. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo ní kí wọ́n wọn gígùn rẹ̀. A gé e sí méjì, a gé e sí mẹ́rin, a kọ ìdá rẹ̀ sílẹ̀. Ayọ̀mídé, tí kò sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" láti ọjọ́ mélòó kan, wo iṣu náà tẹ̀gàn-tẹ̀gàn.

"Èyí kéré. Iṣu Màmá Ìyìn ga jù mí lọ. Tí wọ́n bá ti hú u, Màmá máa ń ní kí n dúró tì í kí àwọn wò wá."

Ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Ó sọ ti oko, ó sọ iye ebè tí wọ́n jọ kà, ó sọ ti ewúrẹ́ tó jẹ fìlà alàgbà ìjọ wọn. Ìfẹ́ ń ṣe bí ẹni pé òun náà rántí. Mo kọjú sí sítóòfù kí wọ́n má baà rí omi lójú mi. Ibẹ̀ ló ti yé mi pé kì í ṣe èmi nìkan ni àárò ń sọ. Mo ti ń rò pé ọmọdé kì í ní ilé, pé ibi tí ìyá wọn bá wà náà ni. Irọ́ ni. Ọmọ ọdún mẹ́fà gbé oko Ìyìn wá sókè òkun nínú orí rẹ̀, kò kàn rí ẹni tó máa sọ ọ́ fún ni.

Ṣùgbọ́n mo ní irọ́ kan nílẹ̀ tí mò ń bọ́.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago mẹ́rin, ni ìyá mi máa ń pè wá lórí fídíò, torí ó ti ṣírò pé ìgbà náà làwọn ọmọ ń dé láti ilé-ìwé. Lọ́jọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a kọ lẹ́tà yẹn, fóònù dún. Mo sáré wọ yúnifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan yìí ni, màá sọ fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dé, mo tún wọ̀ ọ́ fún wọn. Ó wá di àṣà. Tó bá ti di aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Ìfẹ́ fúnra rẹ̀ á ní, "Mọ́mì, aṣọ Màmá Ìyìn." Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á gbọ́ fúnra mi.

Mo gbàgbé ẹni tí mò ń tàn. Obìnrin tó ti fi ọdún márùndínlógójì yẹ aṣọ, èékánná àti etí ọmọ wò láràárọ̀ ni mò ń fi yúnifọ́ọ̀mù hàn.

Nígbà tó di oṣù kẹrin tí mo ti ń tàn án báyìí, ó wo Ayọ̀mídé látòkèdélẹ̀ lórí fóònù.

"Ayọ̀mídé, apá ẹ̀wù rẹ ti ń gun ìgbọ̀nwọ́ lọ. Ọjọ́ Ẹtì sì ni òní, kọ́là rẹ funfun báyìí. Ẹ kì í ṣeré ni?"

Mo ní, "Màmá, ẹ̀rọ tí a fi ń fọṣọ ló dáa."

"Hẹn-ẹn. Ìfẹ́, ìwọ wá. Ta ló ń jókòó tì ọ́ ní kíláàsì?"

"Bọ̀dá Ayọ̀."

"Ta ló ń kọ́ yín?"

"Mọ́mì. Ṣùgbọ́n Anti là ń pè wọ́n tẹ́lẹ̀."

"Kí ló wà nínú kíláàsì ọ̀hún?"

Ìfẹ́ wò yíká. "Tẹlifíṣọ̀n," ó ní, "àti àpò ìrẹsì."

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ jìnnà. Ìyá mi ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi. Tí inú bá bí i, èdè ìwé rẹ̀ á kúrò nílẹ̀, ti Ìyìn á kù.

"Ulé ùwé dà?"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́…"

"Mo ní ulé ùwé dà? Èyí tí ẹ torí ẹ̀ lọ?" Ó nàka sí mi. "Ọmọ ọlọ́mọ ni mo fẹsẹ̀ rìn lọ bá lóko, tí mo bá bàbá wọn jà kí wọ́n tó jẹ́ kí wọ́n wá kàwé. Ọmọ tèmi ló wá kó ọmọ jókòó sílé? Tó sì ń wọṣọ fún wọn láti fi tàn mí?"

Ó yẹ kí n tọrọ àforíjì. Ìtìjú ló bá mi dáhùn.

"Ẹ̀kọ́ yín ló kó bá a, Màmá! Ẹ ní kó má wojú àgbà. Níbí, ẹni tí kò bá wojú ènìyàn, òpùrọ́ ni. Wọ́n ní ọmọ mi purọ́, wọ́n ní bóyá orí rẹ̀ kò pé. Ohun tí ẹ kọ́ ọ ni wọ́n fi jẹ ẹ́ níyà!"

Mò ń gbọ́ adìẹ àwọn ará ilé kejì, mò ń gbọ́ ẹnì kan tó ń gbálẹ̀. Fóònù wá kú.

Lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e, kò pè. Mo pè é, kò gbé e. Lọ́jọ́ Ẹtì kejì, bákan náà. Ìfẹ́ mú yúnifọ́ọ̀mù rẹ̀ wá fúnra rẹ̀, ó wọ̀ ọ́, ó jókòó ti fóònù. Àárò ilé tí mo ti rò pé mo mọ̀, ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀nà jíjìn kò tó nǹkan tí ènìyàn bá mọ̀ pé ẹnì kan ń retí òun lópin rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ìyá mi bá ti pa ilẹ̀kùn dé, ibo ni mo wá ti wá? Ta ni yóò bi mí ní ọjọ́ tí mo bá dé Ìyìn pé ṣé mo ti jẹun? Níbi iṣẹ́, mò ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún ìyá àgbà kan, ó bi mí ìdí tí mo fi ń sunkún. Mo ní àlùbọ́sà ni. Kò sí àlùbọ́sà ní gbogbo àyíká ibẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, láago mẹ́jọ àárọ̀, fóònù dún. Àwọn ọmọ ṣì wà nínú aṣọ ìsùn. Ìyá mi ni. Ó wọ búláòsì funfun àti síkẹ́ẹ̀tì búlúù tó máa ń wọ̀ lọ sílé-ìwé láyé ìgbà kan, ó gbé fóònù sí ojú fèrèsé, ó dúró gbọnrangandan nínú àgbàlá. Kò kí mi.

"Ẹ tò."

Àwọn ọmọ sáré tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò ìrẹsì.

"Èékánná." Wọ́n nawọ́. Ó yẹ̀ ẹ́ wò. "Ìfẹ́, ti ọwọ́ òsì gùn. Kí Anti rẹ gé e. Ayọ̀mídé, bọ́ síwájú. Gbójú sókè."

Ayọ̀mídé gbójú dé àgbọ̀n rẹ̀, ó dúró síbẹ̀.

"Ojú mi ni mo ní kí o wò."

"Màmá Ìyìn, ẹ ní kò dáa."

"Èmi ni mo sọ ọ́, èmi náà ni mo sì ń sọ èyí. Níbi tí o wà yẹn, tí àgbà bá ń bá ọ sọ̀rọ̀, wò ó. Sọ pé ìyá rẹ àgbà ló ní kí o wò ó. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ mi, máa wolẹ̀. Tí o bá sì gbàgbé, mi ò ní bá ọ wí."

Ọmọ náà gbìyànjú, kò lè ṣe é. Mo rí i tí ìyá mi gbé fóònù sọ́wọ́. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó sún mọ́ fóònù títí ojú rẹ̀ fi kún un.

"Awò yẹn ló ń bà ọ́ lẹ́rù. Ó ti kúrò. Wò mí, ọmọ mi."

Ayọ̀mídé wò ó. Rédíò tún tàn.

"Màmá Ìyìn! Ẹ ní dúdú tó wà lójú mi!"

Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó máa ní kí wọ́n túká. Ó ní, "Ìyá Ayọ̀, ìwọ dà? Wá tò."

Mo bọ́ sí iwájú fóònù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí, ilẹ̀ ni mò ń wò. Mo ní, "Màmá, ẹ dárí jì mí. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ yẹn…"

"Mo ti gbọ́. Gbójú sókè."

Mo gbé e sókè. Ẹyin ojú ìyá mi kò dúdú bí mo ti máa ń rò, ó pọ́n díẹ̀ bí oyin. Nínú funfun ti òsì, àmì kékeré kan wà níbẹ̀. Mo ti fẹnu ko irú rẹ̀ lójú ọmọ mi láìmọye ìgbà, mo ti bi nọ́ọ̀sì, mo ti bi àna mi.

Mo ní, "Màmá, ó ti pẹ́ tó ti wà níbẹ̀?"

"Wọ́n bí i mọ́ mi ni. Bàbá rẹ nìkan ló máa ń wò ó."

Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án, gíláàsì tútù ni ọwọ́ mi bà. Mò ń wò ó títí iná fi tán nínú fóònù rẹ̀ ní Ìyìn, kò sì ní kí n wolẹ̀.